Ó-ti-tó àti Kòtò Gáàsì

Ìwà kan ló ba ọkùnrin yìí jẹ́: kì í ṣe iṣẹ́ kankan dé òpin. Bó bá gbálẹ̀, àárín ilé ló máa gbá, á fi kọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bó bá fọṣọ, ọrùn ẹ̀wù á ṣì dúdú. Bí a bá sì bá a wí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ń tẹnu rẹ̀ jáde: "Ó ti tó." Bó ṣe di Ó-ti-tó mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló bá a wáṣẹ́ sílé ìpọntí tí wọ́n ti ń fi máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe ọtí. Búrẹ́dì ni obìnrin náà ń ṣe, lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ náà gan-an. Èéfín igi ti ba àyà rẹ̀ jẹ́, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún dáná igi, ikọ́ yẹn lè gbé e lọ. Gáàsì ilé ìpọntí ló yọ ọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá se ọtí tán ni wọ́n ń dà sínú kòtò oníṣìmẹ́ńtì tí wọ́n dé pa. Ibẹ̀ ló ti ń rà, tó ń di gáàsì, tí páìpù sì ń gbé e lọ sídìí ààrò rẹ̀.

Bàbá tó ń tọ́jú kòtò náà kọ́ Ó-ti-tó níṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

"Wò ó, ọmọ mi, ikùn ni kòtò yìí; ohun gbígbóná tàbí ohun kíkan lè pa á. Jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tutù títí wàá fi lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Po eérú mọ́ ọn, kó o wá ki bébà tá a fi ń mọ ohun tó kan yìí bọ̀ ọ́. Bí bébà bá pọ́n, ó ṣì kan nìyẹn. Tún eérú bù sí i. Garawa mẹ́wàá lóòjọ́, má fi ẹyọ kan lé e."

"Mo ti gbọ́, bàbá. Ó ti tó."

"Kò tíì tó," ni bàbá wí. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé àpò rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Oṣù kìíní, Ó-ti-tó ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Oṣù kejì, ó pa bébà tì. Oṣù kẹta, ó dín eérú kù. Iná ṣì ń jó. Ọ̀gá rí i pé ó ń parí iṣẹ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, ló bá fi í ṣe olórí àwọn mẹ́ta. Ó wá ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé arúgbó náà kàn ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan, "iná yìí ò lágbára mọ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ méjì kù sí dẹ̀dẹ̀, dírọ́ọ̀mù gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ méjìlá ti kún níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ bá wọn nílẹ̀ tó bá padà dé. Ló bá da gbogbo rẹ̀ sí kòtò lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbígbóná, láìsí eérú. Ó fọwọ́, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣáná síbi ààrò. Ìṣáná jó dé ìka rẹ̀, ààrò kò gbiná. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá. Ó ki bébà bọ kòtò, ó pọ́n bí ata.

"O ti pa á," ni bàbá wí. "Yóò tó oṣù mẹ́ta kó tó jí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé garawa lé e lọ́wọ́ kó máa gbọ́n kòtò náà. Òórùn kòtò kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ padà sídìí iná igi, torí búrẹ́dì yẹn nìkan ló ń bọ́ ilé. Láti ìdí kòtò, Ó-ti-tó ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ó wá ń wọn eérú, ó ń ki bébà bọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó da garawa kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹta, iná jó. Ó sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ibùsùn tí ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde, ẹ wá wò ó! Mo ṣe é dáadáa lọ́tẹ̀ yìí."

Obìnrin náà wò ó títí. Kò bínú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

"Ó ti tó, àbúrò mi," ló wí.

Ọjọ́ kejì la sin ín. Ọkùnrin náà ṣì wà nídìí kòtò dòní, iná rẹ̀ sì mọ́ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pe orúkọ yẹn, kì í jẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Iṣẹ́ tí a bá fi sílẹ̀ láàbọ̀ kì í parẹ́; ẹlòmíràn ló máa ń ru ìyókù, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó fẹ́ràn wa jù ni. Kì í ṣe ẹnu òṣìṣẹ́ ló yẹ kó sọ pé ó ti tó. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ọ́, ẹ sì jẹ́ ká ní sùúrù títí yóò fi sọ.