Ìkíni Ogójì Ìṣẹ́jú

Ohùn máa ń lo ogún ìṣẹ́jú kó tó dé pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, èsì á sì lo ogún mìíràn kó tó padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń di gbogbo ìkíni pọ̀ mọ́ra bí ẹrù igi. Ẹnìkan ò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò lọ́dọ̀ mi. Abọ́sẹ̀dé, ọmọbìnrin mi tó ń gbé lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń kí ara wa ní gbogbo Sátidé.

Lánàá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá mi." Mo dáhùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀wà. Nígbà tí "Ṣé ara yín le?" fi dé, mo ti bó o tán. Nígbà tó béèrè bàbá rẹ̀, mo ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín sínú ewé. Ó wá kàn mí.

"Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ogójì ìṣẹ́jú kọjá.

"Wọ́n wà dáadáa, Mà. A ti di mẹ́ta láti ìdájí."

Ewé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mẹ́ta kẹ̀! Oṣù tó ń bọ̀ la ṣì ń retí ọmọ! Bàbá rẹ̀ ti ń jó. Mo ki ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀:

"Akọ ni àbí abo? Ta ló jọ? Ṣé ó ti ń mu ọmú? Kí ló dé tí o ò tètè sọ?"

Ogójì ìṣẹ́jú yẹn gùn ju oyún lọ. Nígbà tí èsì máa dé, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́, igbe ọmọ tuntun tẹ̀ lé e.

"Màmá mi, ẹ ò tíì kí mi kú ewu ọmọ o."