Ẹ̀rọ Ọ̀gá Léonard

Olùdarí ohùn ń so wáyà lábẹ́ òkè Ìdáàṣà nígbà tí ìròyìn dé pé ọ̀gá rẹ̀, Léonard, ti kú ní Kútọnu. Ẹ̀rọ sítúdíò tí Léonard fẹ́ gbé wá, èyí tó ń mú ohùn dún lẹ́ẹ̀mejì, kò ní dé mọ́. Kamarádì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá yan akọrin, sì ti jókòó.

"Ohùn mi á gbẹ bí èlùbọ́!" ni Dorothée akọrin wí.

Olùdarí ohùn nu ojú, ó yí agbóhùnsókè kan sẹ́yìn, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí òkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ewúrẹ́ ni mo fẹ́ kọrin fún?"

"Ìwọ ṣá kọrin."

Dorothée kọrin. Ohùn rẹ̀ lọ, ó tún padà wá. Èrò bú sí ijó.

Kamarádì sáré wá. "Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn hàn mí!"

Olùdarí ohùn gba míkírò tí Dorothée fi kọrin, ó kọjú sí òkè.

"Léonard o!"

Òkè dáhùn: "Léonard o!"