Ìyá Agbàlejò Ò Sí Nílé

Ahun ni ìyá aránṣọ kan, àmọ́ ó mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín bo ahun mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dúró sí, tí yóò máa kí tọmọdé tàgbà pé, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó! Ilé yín nìyí o!" Ohùn rẹ̀ dùn débi pé ìjọ sọ ọ́ ní Ìyá Agbàlejò.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ọ̀yàyà ọ̀hún parí sí. Nínú ilé tirẹ̀, ọ̀rá tó bá àwọn àga wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn di ọdún kẹfà. Bí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn, ìyá á dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, á sì ké láti inú yàrá pé, "Wọn ò sí nílé o!"

"Ta ló wá ń sọ̀rọ̀?"

"Àwọn náà ni wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀!"

Bàbá alágbàfọ̀ kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà a máa rẹ́rìn-ín títí áyọ́ọ̀nù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó aṣọ oníbàárà.

Nígbà tó yá, pásítọ̀ kéde pé ìyàwó oníwàásù kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ilé Ìyá Agbàlejò ni yóò wọ̀ sí lọ́jọ́ Sátidé. Orí ìyá wú. Bí àlejò yìí bá yìn ín, òun ni wọn yóò fi ṣe olórí ẹgbẹ́ obìnrin, ipò tó ti ń lé láti ọjọ́ yìí. Ó bọ́ ọ̀rá kúrò lára àga kan ṣoṣo. Ó fi ìda pa ilẹ̀ pálọ̀ títí ó fi ń dán bíi dígí.

Lọ́sàn-án Sátidé, òjò dé. Wọ́n kanlẹ̀kùn. Ó yọjú lójú fèrèsé: obìnrin kan tó pọnmọ ni, ọmọ ń wúkọ́, omi ń kán tótó lára wọn. Ọkàn ìyá kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀ tó ń dán.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká sá sábẹ́ òrùlé yín, nítorí ọmọ."

"Wọn ò sí nílé o! Wọ́n ti rìnrìn àjò!"

Alágbàfọ̀ ló ké láti òdìkejì. "Ìyá ọmọ, ẹ máa bọ̀ níbí! Ẹ fi aṣọ gbígbẹ yìí wé e. Ti oníbàárà ni, màá tún un fọ̀."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Bí ìyá ti yí padà lójú fèrèsé, ìda gbé e lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbìì sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ó wá ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀ láti inú.

"Ta nìyẹn?" ni alágbàfọ̀ bi í.

"Èmi ni! Mo wà nílé! Ẹ gbà mí!"

"Irọ́ ńlá! Onílé ti rìnrìn àjò, etí wa báyìí ló gbọ́ ọ. Olè wo ló wà nínú ilé onílé?"

"Ọlọ́run gbọ́, èmi náà ni!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àárín ariwo yìí ni pásítọ̀ àti àlejò dé, alágbàfọ̀ sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkè délẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìyá ni ìyá ọlọ́mọ tí ìyá aránṣọ lé sínú òjò. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi ẹ̀rín sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

Wọ́n já ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ìyá kọjá àga tó bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀, ó di ilé alágbàfọ̀. Bàbá gbé ìjókòó fún un: "Ẹ wọlé, ẹ jókòó! Ilé yín nìyí o!" Àlejò fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilé alágbàfọ̀ náà ló sùn. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́. Ìyá tiro fún oṣù méjì, orúkọ tuntun sì lé e dé ṣọ́ọ̀ṣì: Ìyá Ò-Sí-Nílé.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ẹnu ọ̀nà ilé wa ni ìgbàgbọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ tó dọ̀tí, omi àti àkísà tó o. Ọmọ tí òtútù bá wọ̀ láyà, àkísà wo la ó fi nù ún? Ẹ jẹ́ ká wà nílé nígbà tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn wa, kí Olúwa lè wà nílé nígbà tí àwa náà bá kan tirẹ̀.