Ibùdókọ̀ Ìta Ọlọ́sàn

Láràárọ̀, bí ọkọ̀ ojú omi wa tí kò ní awakọ̀ bá ti dé ibi tí Ìta Ọlọ́sàn wà kí omi tó gbà á, Màmá Morẹ́nikẹ́ á ké pé: "Ó wà o!" Ọkọ̀ á dúró sójú omi lásán. Màmá á tẹ̀ mọ́ etí ọkọ̀, wọ́n á wo òrùlé wọn nísàlẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ilé o," ká tó máa lọ. Lámídì, tó máa ń jókòó tì mí, á pòṣé: "Màmá, iṣẹ́ là ń lọ o."

Lónìí, wọ́n gbé ọkọ̀ tuntun wá. Màmá ké: "Ó wà o!"

Ọkọ̀ dáhùn jẹ́jẹ́: "Ẹ má bínú, Màmá, kò sí èbúté níbí." Ó ń lọ.

Màmá tún ké. Inú bí mi. Irú ọkọ̀ wo nìyí? N ò tíì la ẹnu tí Lámídì fi fò dìde: "Ó wà o! Ṣé o dití ni?"

Ni gbogbo wa bá gbà á: "Ó wà o! Ó wà o!"

Ọkọ̀ rọra dúró. Màmá kí ilé wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Lámídì. Ó padà jókòó.

Ọkọ̀ ò tíì rìn jìnnà tí Lámídì tún fi dìde, tó ń wo inú omi.

"Ó wà o," ó rọra sọ ọ́.

Láti ọjọ́ tá a ti ń wọkọ̀ pọ̀, n ò mọ̀ pé ọmọ Ìta Ọlọ́sàn ni.

Ọkọ̀ dúró. Kò sẹ́ni tó pòṣé.