Ta Ló Ń Jẹun?

Ohun tí mo kórìíra jù láyé ni kí èèyàn máa jẹun sí mi létí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi nìkan ló wà ní yàrá mi, iná ti lọ. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi, Ṣùbúọlá àti Akínsọlá, ń ṣeré lórí fóònù. Mo mú ọ̀rọ̀ kan sínú, àwọn á máa bi mí ní ìbéèrè títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n.

"Ṣé ó ní ẹsẹ̀?" ni Akínsọlá bi mí.

"Rárá."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: wàṣà, wàṣà, bí ẹni ń jẹ ẹran tútù tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló ń jẹun bí ajá yẹn? Ó ń rí mi lára!"

"Kì í ṣe èmi o," ni Ṣùbúọlá wí.

Àwọn méjèèjì pa ohùn fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ẹni tó ń purọ́. Síbẹ̀, wàṣà, wàṣà.

"Ọ̀bùn ni ẹ̀yin méjèèjì!" Mo fi ìbínú pa fóònù mi pátápátá.

Wàṣà, wàṣà.

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nǹkan kan gbé òkèlè mì. Ó wá fi ẹnu tó kún sọ ọ̀rọ̀ tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni:

"Ìgbín ni, àbí?"