Yorùbá Kì í Wá Ìkíni Tì

Agbẹnusọ ẹgbẹ́ ajàfúngbó ṣílẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní Billstedt, ní Hamburg, ohùn rẹ̀ ti há. Láti àárọ̀ ló ti ń pariwo ní Berlin pé kí wọ́n má ra igi tí wọ́n gé nínú igbó onígbó mọ́. Àní ó pariwo ju Màmá àgbà tó nigbó lọ, ẹni tó wọkọ̀ òfuurufú wá láti ilẹ̀ rẹ̀ ní òdìkejì òkun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Màmá ráyè sọ: "Ẹ di ojú mi, màá fi òórùn mọ igi ilé wa."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n wọ̀ bọ̀, ó ti kọ́ Màmá ní ìkíni Yorùbá títí dé Hamburg.

"Àwa kì í wá ìkíni tì, Màmá. Ẹni tẹ́ ẹ bá nílé, ẹ kú ilé. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ kú ìrìnàjò."

"Ẹ kú ilé o," ni Màmá kí Oyèníkẹ́, ìyàwó agbẹnusọ. Inú Oyèníkẹ́ dùn, ó kúnlẹ̀.

Ibi tó dára jù là á fi àlejò sí. Agbẹnusọ mú Màmá lọ sí pálọ̀, ó ṣí aṣọ lórí tábìlì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ife lé.

"Ojúlówó igi ni, Màmá! Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Màmá fọwọ́ kàn án. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dijú. Agbẹnusọ ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí oríyìn.

Màmá rọra fọwọ́ pa tábìlì náà lára.

"Ẹ kú ìrìnàjò o."