Olùkọ́ Tó Pa Ìdáhùn Bilqis Rẹ́

Ẹ bá mi ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé ìwé, tàbí tí ẹ jẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí.

1.
Àǹtí Olúfúnkẹ́ ń kọ́ kíláàsì kẹfà ní ilé ìwé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lọ́dọọdún, àwọn olùbẹ̀wò máa ń mú ìdánwò wá láti mọ̀ bóyá àwọn ọmọ mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra lórí ayélujára. Ogún ìbéèrè ni, kì í yí padà. Fún ọdún méjì, kò sí ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó pàdánù ẹyọ kan. Ìwé ẹ̀rí méjì ti wà lára ògiri. Ó fẹ́ kó di mẹ́ta.

Kò ṣòro fún un. Á kọ ìdáhùn sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa kà á bí orin.

2.
Ọjọ́rú ni ìdánwò. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí àwọn olùbẹ̀wò ṣe ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà, olùkọ́ ń yẹ ìwé wò. Ìbéèrè kẹrìnlá ní: bí ẹni tí o kò rí rí bá ní kí o wá pàdé òun, kí ni wàá ṣe?

Bilqis, ọmọ ọdún méjìlá, kọ ọ́ báyìí: “Màá lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Bọ̀dá Kọ́lá tó wà lórí fóònù ní wọ́n máa ya fọ́tò mi fún ìpolówó. Marina ni wọ́n ti máa dúró dè mí. Wọ́n ní kí n má sọ nílé.”

“Bilqis, kí lo kọ síbí?”

“Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni, Àǹtí.”

Muqtadir tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ti yọjú kà á. “Ẹ wo ìyàwó fóònù.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ dákẹ́. Bilqis, kí ló wà lójú pátákó lánàá?”

“N kò ní lọ. Màá sọ fún òbí tàbí olùkọ́ mi.”

“O kúkú mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí o ò kọ ọ́?”

“Wọ́n ní ká kọ òótọ́, Àǹtí.”

“Wọn ò ní fún ẹ ní máàkì lórí òótọ́. Ìdáhùn ni wọ́n ń fẹ́.”

Ó mú írésà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ọmọ náà kọ ti pátákó sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọmọ náà ti sọ fún olùkọ́ rẹ̀.

3.
Gbogbo wọn gba ogún nínú ogún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bilqis sọ fún ìyá bàbá rẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá pé òun ń lọ sí ilé kéwú. Kò dé ibẹ̀. Kò padà wálé.

Láàárọ̀ Sátidé, Sùrájù bàbá rẹ̀ lọ bá olùkọ́ nílé.

“Àǹtí, ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Bilqis kò sùn nílé. Ṣé ó sọ nǹkan kan fún yín?”

Olúfúnkẹ́ ronú kan ìwé ẹ̀rí, ó ronú kan iṣẹ́ rẹ̀.

“Rárá o, Bàbá Bilqis. Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà.”

“Ẹ ṣeun, mà.”

Olúfúnkẹ́ ti ilẹ̀kùn.

4.
Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Muqtadir tó sọ ohun tó kà nínú ìwé Bilqis fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé Marina, obìnrin kan tó ń ta omi rántí ọmọ kan tó wọ híjáàbù, tó tẹ̀ lé ọkùnrin kan wọ mọ́tò.

“Mo wo nọ́ńbà mọ́tò yẹn,” obìnrin náà ní. “Ká ní ẹ tètè wá ni. Mi ò rántí ẹ̀ mọ́.”

Lọ́jọ́ kọkànlá tó ti kúrò nílé, wọ́n rí Bilqis ní ibùdókọ̀ kan ní Ìbàdàn. Ó wà láàyè. Wọ́n lé Olúfúnkẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó lọ bẹ̀bẹ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá, wọ́n gbé àga fún un, kò sí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀.

Bilqis ń jẹun, ó ń kírun. Bí wọ́n bá bi í pé ara ńkọ́, á ní ó ti yá. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ní kò sí nǹkan kan. Ohun tí àgbà ń fẹ́ gbọ́ ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn báyìí. Títí di òní, bàbá rẹ̀ kò mọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ ohun tó ń ṣe lórí fóònù fún yín, ẹ má bá a wí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ẹ jókòó, ẹ béèrè ẹni náà àti ibi tí wọ́n fẹ́ pàdé. Bí ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.